Pọ́sìtì Tí Ọkọ Rẹ Ní Kí A Fi Sílẹ̀

Ìdáàṣà, lábẹ́ òkè,
ọ̀sán ọjọ́ tí ẹrù Pàràkú dé.

Bẹnadẹ́tì, Àyọ̀ká mi, ìyá mi tí ó padà wá ń pè mí ní bàbá,

Bí àyà rẹ bá já nígbà tí o rí lẹ́tà, fọkàn balẹ̀, n kò tíì kú. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́, eyín tó kù lẹ́nu mi sì wà níbi tí o fi wọ́n sí. Felisítì àbúrò mi, tí o sá lọ bá nílé rẹ̀, sọ fún mi pé o ti pa fóònù rẹ, o ní o kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò lo ohùn, bírò ni mo lò. Mo lè ní kí Felisítì sọ ohun gbogbo fún ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá kó tó bàjẹ́ tó báyìí, n kò fẹ́ fi ẹnu mìíràn kún un. Awakọ̀ tasí tó gbé ẹrù wá fún wa láàárọ̀ ń jẹ iyán lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Òun ni yóò gbé ìwé yìí padà sí Pàràkú. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé kó máa bu iyán kún iyán rẹ̀ títí n ó fi kọ ọ́ tán. Bí ìlà mi bá ń gun òkè, fara dà á. Ibi tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ni ọwọ́ mi náà dúró sí.

Kí n tó sọ ohun mìíràn, gbọ́ eléyìí: ọkọ rẹ kò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí obìnrin kankan níbì kan. Kò sí oyún. Tẹlifíṣọ̀n ni. Máa wá àga jókòó sí.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá fi í sí ìparí, awakọ̀ yìí lè ti yó. Mo dúpẹ́ dékódà lọ́wọ́ rẹ. Mo ti dúpẹ́ rẹ̀ rí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo fi dúpẹ́ nígbà yẹn. O rántí ìgbà tí àǹtẹ́nì orí òrùlé wa kò mú àwòrán wá mọ́, tí gbogbo ohun tó kù nínú télé kò ju eérú tó ń jó lọ. Àwọn aládùúgbò ní kí n gbé e fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣe ilé ẹyẹlé. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ agbẹ̀bí, owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ kò tíì gbóná lọ́wọ́ rẹ, o gbé àpótí dúdú kékeré kan wọlé. O ní télé wa kò kú, ayé ló yí èdè padà tí òun kò sì gbọ́ tuntun. O ní àpótí yìí ni yóò máa gbọ́ ọ, tí yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo bi ọ́ léèrè nígbà náà bóyá ògbufọ̀ náà máa ń jẹun. O gun àga lọ tún okùn àǹtẹ́nì so.

Ọdún yẹn gan-an ni orúnkún ìyá rẹ kọ̀ láti gun òkè. Obìnrin tí kò pàdánù àjọ̀dún Màríà ní ihò àpáta Arigbó láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ó jókòó sílé ní oṣù kẹjọ, àwọn èèyàn láti ibi gbogbo ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí ihò àpáta náà pẹ̀lú orin lẹ́nu. O ò sí nílé lọ́jọ́ náà, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. A ṣí fèrèsé, a sì tan télé. Ohùn àlùfáà ti orí òkè wá, ó gba fèrèsé wọlé láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sọ́hùn-ún. Ìyá rẹ dáhùn, “Àmín.” Ó ṣe díẹ̀, àlùfáà kan náà sọ àdúrà kan náà nínú télé. Ìyá rẹ tún dáhùn, “Àmín.” Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí wọ́n fi parí, èkíní fún fèrèsé, èkejì fún télé. Mo ní fún un pé Ọlọ́run kò dití. Kò wo ojú mi, ó ní, “Èkíní tèmi. Èkejì ti ìwọ tí o kò ṣí ẹnu.”

Àpótí rẹ ló fún mi ní Àmín ọ̀fẹ́ láti ọdún yẹn wá. Mo dúpẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ pọ́sìtì. O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nínú ilé wa. Láti ìgbà tí o ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ ni ìyá rẹ ti ń kúnlẹ̀ ní Arigbó pé kí wọ́n fún Bẹnadẹ́tì ní pọ́sìtì. Nígbà tí o sì rí i, ó lọ sọ fún gbogbo ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe pọ́sìtì létí wa, iṣẹ́ rẹ ni a máa ń gbọ́. Ìrénè ọkọ rẹ ńkọ́? Atẹ́rọ̀ṣe ni, ọmọ atẹ́rọ̀ṣe. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pe rédíò àti télé ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni òun náà ń pè é. Pọ́sìtì ni gbogbo wọn. Mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, èmi tí gbogbo abúlé Lèma ń pè ní Àpọ́n Oní-pọ́sìtì nígbà tí mo ń gbé rédíò kọ́ èjìká lọ sóko. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò lọ síbẹ̀.

Ìrénè pè mí. Mo ń bọ́ àwọn adìẹ. Ó kí mi dáadáa, ó bèèrè orúnkún ìyá rẹ, lẹ́yìn náà ló ní, “Bàbá, ẹ bá mi bá Bẹnadẹ́tì sọ̀rọ̀. Pọ́sìtì àtijọ́ yẹn ti tó láti fi sílẹ̀. Tuntun ti wà, inú ikùn rẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà.” Adìẹ ń ké, n kò gbọ́ ìyókù. Ṣé ìyókù tún kù? Tuntun ti wà nínú ikùn rẹ̀! Ikùn ta ni èmi ìbá tún rò bí kì í ṣe ti ọmọ mi? Mo sọ àgbàdo tó wà lọ́wọ́ mi fún àwọn adìẹ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sáré wọlé lọ sọ fún ìyá rẹ pé o ti lóyún, pé ọkọ rẹ sì fẹ́ kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o lè sinmi. Ìyá rẹ bú sẹ́kún ayọ̀, ó tún nu ojú, ó ní oyún dára, ṣùgbọ́n kí ló kan iṣẹ́ níbẹ̀? Mo ní kó dákẹ́, kí n pè ọ́.

Mo sì pè ọ́. Mo ní, “Mo gbọ́ pé tuntun ti wà nínú ikùn. Ọkọ rẹ ní kí o fi pọ́sìtì sílẹ̀.” O bi mí pé, “Ikùn ta ni, Bàbá?” Bẹnadẹ́tì, mo rò pé ojú ló ń tì ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ikùn ta ni ọkọ rẹ tún mọ̀?”

Mo ti ṣe àwàdà púpọ̀ láyé mi. Eléyìí nìkan ni mo fẹ́ rà padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, Felisítì ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní o dúró de ọkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, o bi í bóyá òótọ́ ni pé ó fẹ́ kí o fi pọ́sìtì sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rín ni ọmọ náà rín. Ó dáhùn pé, “Ṣé Bàbá ti sọ fún ọ? Àtijọ́ ti tó gẹ́ẹ́. Tuntun náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, o máa fẹ́ràn rẹ̀ tí o bá rí i.” Ìgbà yẹn lo di báàgì. Ká ní èmi ni obìnrin tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, n kò ní ráyè di báàgì, ìkòkò ọbẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ wá. Felisítì tún ní lọ́la lo fẹ́ lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n gbé ọ lọ sí Natitingú, ní ibi tí Ìrénè kò ti ní mọ̀nà. Nítorí ọ̀la yẹn ni mo fi ń yára kọ̀wé, tí iyán sì ń tán nínú odó.

Láàárọ̀ yìí ni awakọ̀ yìí sọ páálí ńlá kan kalẹ̀. Ó ní Ìrénè ní kí a pe òun bí a bá ti ń tú u, kí òun lè júwe bí a ó ṣe so ó. A pè é. Ohùn rẹ̀ ti ha, bí ẹni tó ní òtútù. Ó ní, “Bàbá, ṣé pọ́sìtì ti dé?” Mo ní pọ́sìtì wo? Ó ní, “Télé náà, Bàbá. Èyí tí mo sọ fún yín pé dékódà rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀.”

Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi wo páálí, páálí wo mi. Mo ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́ fún un, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo sọ fún ọ. Ohun tó wá sọ ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bàbá, mo ti rò pé nítorí dékódà rẹ̀ ló ṣe bínú, pé mo rí ohun tó fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rà fún yín fín. Tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń dùn ún, ẹ dá tuntun padà. Ẹ má yọ tirẹ̀ kúrò.”

Mo dúpẹ́ ọkọ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ. Èmi kò ní fi télé tuntun sílẹ̀ nítorí orí ìyá rẹ, o lè bi í.

Ó fẹ́ sáré wá bá ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kó má dé ẹnu ọ̀nà Felisítì lọ́wọ́ òfìfo, kí o má baà da omi fífọ abọ́ lé e lórí.

Ní báyìí, jẹ́ kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, kí n lè jẹ́ bàbá díẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Àkọ́kọ́. “Ikùn ta ni?” tí o bèèrè, ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí o bi ni kò dára. Ọkọ rẹ ló yẹ kí o bi, kí o sì bi í bí o ti bi mí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ikùn nínú rẹ̀. Dípò ìyẹn, o bi í ní pọ́sìtì nìkan, ó sì dá ọ lóhùn pọ́sìtì nìkan. Ìyá rẹ àti èmi ti ṣe irú rẹ̀ rí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, a sá iṣu gbígbẹ sórí àpáta lẹ́yìn ilé, èmi fi rédíò sétí. Ìyá rẹ pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, “Òjò ń bọ̀!” Èmi gbọ́ Òjó, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Lèma. Mo ní kó máa bọ̀, àga wà nílẹ̀. Ó tún pariwo, mo ní kó gbé ẹmu rẹ̀ dání. Gbogbo iṣu wa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sílé àwọn ẹlòmíràn. Ìyá rẹ kò di báàgì. Ó fún mi ní agbọ̀n, ó ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé lọ ṣa á, kí n sì máa sọ fún onílé kọ̀ọ̀kan ìdí tí mo fi wá. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti pè mí, mo máa ń kọ́kọ́ pa ohun tó ń pariwo létí mi, màá sì ní kó tún un sọ. Ìwọ náà, jẹ́ kó tún un sọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ kọmáǹdì, èyí tí a fi ń darí télé láti orí àga. O mọ̀ pé méjì la ní nígbà dékódà. Ti télé ń gbé ohùn sókè sódò, ti dékódà ń yí ìkànnì. Ìyá rẹ gba ti ohùn, èmi gba ti ìkànnì. Bí mo bá lọ síbi bọ́ọ̀lù, á pa ohùn. Bó bá ní òun fẹ́ gbọ́ orin, màá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa òwú. Kò sí ẹni tó lè wo nǹkan kan láìbẹ ẹnìkejì. Mo máa ń ráhùn nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí tí mo rí i pé kọmáǹdì kan ṣoṣo ló bá tuntun wá, ẹ̀rù bà mí. Àwa méjèèjì na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ gbà á. A ti so ó mọ́ tábìlì tó wà láàárín àga wa. Nílé tìrẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹnìkan nìkan di gbogbo rẹ̀ mú, títí kan ìwọ alára, nítorí mo mọ ẹni tí o jọ.

Ohun tí ìyá rẹ ní kí n fi kún un nìyí. Ó ti bá awakọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Tuntun yìí mọ́, ó dán, okùn rẹ̀ kò pọ̀, kò sì fa iná tó méjì tí a ń tàn pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ bá ṣàìsàn, odidi rẹ̀ la ó gbé sọ́kọ̀ lọ sílé ìtọ́jú. Dékódà tìrẹ ń kọ́, bí ó bá yọnu, abẹ́ apá ni mo ń fi í sí lọ sọ́dọ̀ atẹ́rọ̀ṣe. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ìbínú kì í ṣe ohun tí à ń kó sínú ikùn. Gbé e síta, níbi tí Ìrénè ti lè rí i, kó gbé e sábẹ́ apá, kó mú un lọ tún ṣe. Èmi kò mọ̀ pé ìyá rẹ lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní nítorí pé mo máa ń yí ìkànnì ni.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì wúwo jù. Nígbà tí a so télé tán, ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bi Ìrénè bóyá tuntun yìí kò ní gba Àmín kejì lọ́wọ́ òun, nígbà tí kò sí dékódà mọ́ tí yóò dá ohùn dúró. Ọmọ náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Kì í ṣe dékódà ló ń pẹ́, Ìyá. Ọ̀nà ló jìn.” Ó ṣàlàyé pé ohùn àlùfáà máa ń kúrò ní Arigbó lọ sí Kútọnu, níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà, kó tó padà wá bá wa.

Mo rò ó, Àyọ̀ká. Ihò àpáta tí mo ń wò láti ẹnu ọ̀nà mi, ohùn ibẹ̀ ní láti dé Kútọnu kó tó wọ yàrá mi. Ìwọ àti ọkọ rẹ ń sùn lórí ẹní kan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní láti wá sí Ìdáàṣà, láàárín adìẹ, kó tó dé etí rẹ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ mí di dékódà yín, mo sì jẹ́ dékódà burúkú, irú èyí tó ń fi ohùn ẹnìkan sí ẹnu ẹlòmíràn. N kò ṣe é mọ́. Bó bá tún pè mí pé kí n bá Bẹnadẹ́tì sọ̀rọ̀, màá bi í bóyá Bẹnadẹ́tì ti kó kúrò nílé. Ẹ fi ògbufọ̀ yín sínú ara yín, bíi ti télé yìí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tètè yé ọ, dúró kó dé.

Dékódà rẹ kò kúrò nílé. Ìyá rẹ ti nù ún, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Màríà. Kò so mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wà níbi tí gbogbo àlejò yóò ti rí i, tí wọ́n yóò ti bèèrè, tí èmi yóò sì ti dáhùn pé ọmọ mi ló rà á. Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe mí. Ẹ má so nǹkan kan mọ́ mi mọ́. Ẹ kàn máa wá nu eruku ara mi.

Awakọ̀ ti fọwọ́. Mo gba àdúrà kan níkẹyìn, pé kí ọbẹ̀ tí Ìrénè yóò sè fún ọ ní alẹ́ òní ṣe é jẹ. Ìyá rẹ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, “Àmín.” Ó tún ní, “Àmín.” Mo ní ta ló ni èkejì, nígbà tí èmi ti ṣí ẹnu fúnra mi lónìí? Ó ní ti ọmọ tó dúró síta ni.

Mo gbàgbé láti sọ fún ọ. Mo ní awakọ̀ ni yóò gbé ìwé yìí padà sí Pàràkú, òótọ́ sì ni, dé garéèjì. Felisítì ló nà án sí ọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o kò bèèrè ẹni tó nà án sí Felisítì. Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì kúrò. Ká ìwé yìí, gbé ojú sókè, kí o sì bi í léèrè fúnra rẹ.

Èmi ni,
bàbá rẹ tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.